Òṣùwọ̀n Ohun Tí Ojú Kò Rí

  Ẹ lè máa retí pé àlùfáà tí wọ́n bá fún ní àyè nínú ìwé àjọ̀dún yóò sọ̀rọ̀ lórí ìwà àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí, tàbí lórí orin ilé ẹ̀kọ́ wa tí àwọn ọmọ kò mọ̀ ju ẹsẹ kan lọ nínú rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ owó orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí i kọjá. Nínú àwọn ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ yìí tọ́ dàgbà, kì í ṣe díẹ̀ ni ó di ẹnjinnía, àwọn kan sì ti fi Houston àti agbègbè rẹ̀ ṣe ibùgbé, níbi tí iṣẹ́ tí a fẹ́ mẹ́nu bà yìí ti gbilẹ̀. Irú ìwé tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹnjinnía níbẹ̀ ni ó mú wa sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 2008 ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi abala kan tí wọ́n ń pè ní 45Q kún òfin owó orí wọn. Abala náà sọ pé ilé iṣẹ́ tí ó bá gba gáàsì carbon dioxide mú kí ó tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́, tí ó sì rì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀ níbi tí kò ti ní jáde mọ́, yóò gba ẹ̀dínwó lórí owó orí tí ó yẹ kí ó san. Gáàsì yìí ni èéfín ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, ti ìfọpo àti ti sìmẹ́ńtì ń gbé jáde, òun náà sì wà lára ohun tí ń mú ayé gbóná sí i. Dọ́là 20 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù kan tí a bá rì, àti dọ́là 10 lórí èyí tí a bá fi fa epo rọ̀bì jáde. Òfin ọdún 2018 gbé e sókè. Òfin ọdún 2022 sọ ọ́ di dọ́là 85 fún èyí tí a rì, àti dọ́là 180 fún èyí tí ẹ̀rọ bá fà yọ láti inú afẹ́fẹ́ gan-an kí a tó rì í. Ní oṣù Keje ọdún 2025, òfin mìíràn mú ti àwọn tí ń fa epo náà dé dọ́là 85 fún àwọn ilé iṣẹ́ tuntun. Ọdún 12 ni ilé iṣẹ́ kan lè fi máa gbà á. Ilé iṣẹ́ tí ó bá rì mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́dún, mílíọ̀nù 85 dọ́là ni ó ń bọ́ kúrò nínú owó orí rẹ̀ lọ́dọọdún. Òfin ọdún 2022 yẹn tún gbà pé ẹni tí ó ni ẹ̀dínwó náà lè tà á fún ẹlòmíràn, fún ẹni tí kò fi ojú kan ilé iṣẹ́ náà rí.

Àríyànjiyàn wà lórí bóyá ó tọ́ kí a máa san owó ìlú fún ẹni tí ń fi gáàsì ìdọ̀tí rẹ̀ wá epo sí i. Ọjọ́ mìíràn ni ìyẹn.

Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Wọ́n ń fún un pọ̀ títí yóò fi ki bí omi, wọ́n á sì rì í sí ìsàlẹ̀ tí ó sábà máa ń jìn ju mítà 800 lọ, sínú àpáta tí ó ní ihò wẹ́wẹ́, tí àpáta mìíràn tí kò ní ihò sì bò ó mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Aṣòfin tí ó ṣe òfin náà kò rí i. Akọ̀wé owó orí tí ó gba ìwé ẹ̀dínwó náà wọlé kò rí i. Ẹni tí ó ra ẹ̀dínwó náà kò rí i. Bí ìyá onígàrí bá fi òòlù lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú, ẹni tí ó rà á yóò mọ̀ nígbà tí ó bá délé tí ó tún un wọ̀n. Ta ni yóò tún gáàsì wọ̀n ní abẹ́ àpáta? Ìwé tí ẹnjinnía kọ ni ìjọba ń san owó lé lórí.

Òfin náà béèrè pé kí a wọn gáàsì náà níbi tí a ti mú un, kí a sì jẹ́rìí sí ìwọ̀n rẹ̀ níbi tí a ti rì í. Ọ̀nà lè jìn láàárín méjèèjì. Ní Petra Nova, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí wọ́n ti ń mú gáàsì láti inú èéfín ilé iṣẹ́ iná tí ń jó èédú, páìpù tí ó gùn ju máìlì 80 lọ ni ó ń gbé e dé ibi ìwa-epo tí wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú ilẹ̀. Nígbà tí a ka apá òfin yìí, ọkàn wa lọ sí orí kẹjọ ìwé Ẹ́sírà. Ẹ ó rántí pé nígbà tí Ẹ́sírà fẹ́ kó fàdákà àti wúrà ilé Ọlọ́run lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó yan àwọn àlùfáà méjìlá, ó wọn ohun gbogbo sí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó kúrò ní etí odò Áháfà, ó sì sọ fún wọn pé wọn yóò tún un wọ̀n bí wọ́n bá dé. Ní ọjọ́ kẹrin tí wọ́n dé, wọ́n wọ̀n ọ́n nínú ilé Ọlọ́run níṣojú ẹlẹ́rìí, wọ́n sì kọ gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí ó máa ń yà wá lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ọkùnrin kan náà yìí ni ojú tì láti béèrè àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́ ọba, nítorí ó ti sọ pé ọwọ́ Ọlọ́run tó láti ṣọ́ wọn. Ẹni tí kò gba ọmọ ogun nítorí ìgbàgbọ́ kò kọ òṣùwọ̀n nítorí ìgbàgbọ́. Àwọn arákùnrin kan máa ń wí nínú ìpàdé ìjọ pé láàárín ará, kò yẹ kí a máa béèrè ìwé. Wọn ìbá ka orí náà dópin.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé náà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹnjinnía ní láti ya àwòrán ilé iṣẹ́ náà láti ìdí ẹ̀rọ dé ẹnu kànga, kí ó fi ibi tí ẹ̀rọ òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan wà hàn. Ó ní láti ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n dán ẹ̀rọ òṣùwọ̀n náà wò, ohun tí wọ́n fi dán an wò, àti ìyàtọ̀ tí wọ́n rí. Ohun tí ń gba inú páìpù kọjá kì í sì í ṣe carbon dioxide nìkan: omi lè bá a rìn, náítrójìn lè bá a rìn, òfin kò sì san kọ́bọ̀ lórí ìwọ̀nyí. Wọ́n ní láti máa bu díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò láti mọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jẹ́ gáàsì náà gan-an. Lẹ́yìn èyí ni ìyọkúrò kàn: ohun tí ó jò lára ẹ̀rọ, àti ohun tí ó bá wá ọ̀nà gba ojú ilẹ̀ jáde. Iye tí ó bá kù ni a lè pè ní èyí tí a rì.

Níbi tí wọ́n bá ti ń fi gáàsì náà fa epo rọ̀bì, ìdẹwò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á rọ gáàsì wọ kànga kan, yóò ti epo lọ sí kànga kejì, apá kan nínú gáàsì náà yóò sì bá epo jáde. Wọ́n á yà á kúrò lára epo, wọ́n á tún rọ ọ́ padà sínú ilẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ gba ẹnu kànga wọlé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ òṣùwọ̀n tí ó wà níbẹ̀ yóò sì kà á ní iye ìgbà tí ó kọjá. Òfin ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó tọ́ kí a gba owó lórí rẹ̀. Ìṣirò tí yóò ya tuntun sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó ti wọlé rí, ọwọ́ ẹnjinnía ni ó wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé rí, tí ẹ sì ti rí àpò sìmẹ́ńtì kan náà tí ó wọlé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé, ẹ kò nílò àlàyé wa.

Èyí nìkan kọ́. Kí ẹ̀dínwó tó tọ́ sí ẹni tí ń rì gáàsì náà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó àyíká, èyí tí wọ́n ń pè ní EPA, gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ètò ìṣọ́ rẹ̀. Ètò náà yóò sọ ibi tí gáàsì náà lè nà dé lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀nà tí ó lè gbà jò, pàápàá àwọn kànga àtijọ́ tí a ti pa tì, àti bí wọn yóò ṣe mọ̀ bí ó bá jò. Àwọn tí ń fa epo lè yan ọ̀nà mìíràn, ìyẹn ìlànà àgbáyé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ISO 27916. Bí wọ́n bá yan èyí, ẹnjinnía tàbí onímọ̀ nípa àpáta ilẹ̀ tí ó dá dúró, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, ni yóò yẹ ìwé náà wò tí yóò sì búra sí i, pẹ̀lú ìjìyà ìbúra èké lórí rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ Fọ́ọ̀mù 8933 mọ́ ìwé owó orí wọn. Bí wọn kò bá sì ní ìwé tí ó fi hàn pé wọ́n san owó ọ̀yà tí òfin là kalẹ̀ fún àwọn tí ó kọ́ ilé iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì gba àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ síbẹ̀ bí ó ti yẹ, dọ́là 85 náà lè di dọ́là 17. Inú wa dùn sí apá ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yìí ju bí a ti lè sọ lọ.

Wàyí o, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ń kùn pé ìwé ti pọ̀ jù, pé owó tí wọ́n ń san fún akọ̀wé àti agbẹjọ́rò ìbá ti gbẹ́ kànga mìíràn. A kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹni tí ó bá ti tọ ìjọba lọ nítorí ìwé ilẹ̀ ní ibikíbi mọ bí ó ti ń rí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ọ̀gá àyẹ̀wò tí ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dáhùn ìbéèrè sẹ́nétọ̀ kan lórí ẹ̀dínwó yìí. Láti ọdún 2010 sí 2019, iye tí àwọn ilé iṣẹ́ béèrè fún lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, àwọn mẹ́wàá péré ni ó sì béèrè fún èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Nínú owó yìí, nǹkan bí mílíọ̀nù 894 dọ́là ni àwọn tí kò ní ètò ìṣọ́ tí EPA fọwọ́ sí béèrè fún. Nígbà tí lẹ́tà náà fi jáde, ilé iṣẹ́ owó orí ti kọ nǹkan bí mílíọ̀nù 531 dọ́là.

A kò sọ pé wọn kò rì gáàsì náà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rì í dé orí tọ́ọ̀nù tí ó kẹ́yìn. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé kò sí ìwé tí ará ìlú tí owó rẹ̀ ń lọ lè gbé yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Olóòótọ́ àti olè wá jókòó sórí àga kan náà, aṣọ kan náà sì ni wọ́n wọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ òtítọ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀ ti fi ara rẹ̀ fún ìfura, ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rárá.

Ẹnì kan tí ó mọ Bíbélì dáadáa lè dá wa lóhùn láti inú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, níbi tí a ti sọ nípa àwọn tí ó tún tẹ́ḿpìlì ṣe ní ayé Jòsáyà pé a kò bá wọn ṣírò owó tí a fi lé wọn lọ́wọ́, nítorí wọ́n ń ṣe é tọkàntọkàn. Òótọ́ ni, ó sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri ni àwọn wọ̀nyẹn ń mọ, igi ni wọ́n ń gbẹ́, òkúta ni wọ́n ń gbé lé òkúta. Ẹni tí ó bá gba iwájú tẹ́ḿpìlì kọjá lè wo iṣẹ́ wọn kí ó sì dá a lẹ́jọ́. Iṣẹ́ wọn ni ìwé wọn. Ẹni tí ń rì ohun tí kò ní àwọ̀ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè dé kò lè fi ti Jòsáyà bẹ̀bẹ̀. Ti Ẹ́sírà ni tirẹ̀.

Síbẹ̀ àwa náà ní ẹjọ́ tí a fẹ́ bá òfin náà rò. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnjinnía tí wọ́n ní ó dá dúró yìí, ilé iṣẹ́ tí ń wá ẹ̀dínwó ni ó yàn án, òun ni ó sì ń sanwó fún un. Kò sí ẹni tí ó mọ ayé tí kò ní rí ewu tí ó wà níbẹ̀. Èkejì, ètò ìṣọ́ tí EPA bá fọwọ́ sí máa ń jáde fún gbogbo ènìyàn láti kà, ṣùgbọ́n ìwé àwọn tí ó bá gba ọ̀nà ISO kò di dandan kí ará ìta rí i. Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù lójú wa. Bí gáàsì tí a ti gba ẹ̀dínwó lórí rẹ̀ bá jò jáde, ìjọba lè gba owó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ọdún tí wọ́n gba ẹ̀dínwó kẹ́yìn ni àyè náà mọ. Nínú òfin kànga ti EPA, ọdún 50 ni wọ́n kọ́kọ́ fi lélẹ̀ pé kí a máa ṣọ́ irú ibẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti dẹ́kun rírì, àyàfi bí a bá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ tí wọ́n ti kànga náà yóò ti ní ọmọ-ọmọ kí ìṣọ́ tó parí, ṣùgbọ́n àkókò ìdápadà owó yóò ti kọjá kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe ohun tí a rò lásán. Ní Decatur, ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí wọ́n ti ń rì gáàsì tí ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń fi àgbàdo ṣe ẹ́tánọ́ọ̀lì, ó hàn sí gbogbo ayé ní ọdún 2024 pé ìpẹtà ti jẹ páìpù inú kànga ìṣọ́ kan, omi àti gáàsì sì ti yà sí ipele àpáta tí a kò fún wọn láṣẹ rẹ̀. EPA fi ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà. Kò dé ibi omi mímu, a dúpẹ́. Kànga tí a gbẹ́ láti máa ṣọ́ gáàsì ni ó gba gáàsì kọjá. Bí kò bá sí pé wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, ta ni ìbá mọ̀?

Ìdí tí a fi ń sọ èyí ní àkókò yìí ni pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, EPA fúnra rẹ̀ gbé àbá jáde láti fòpin sí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìròyìn ọdọọdún tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ lórí gáàsì wọ̀nyí, títí kan ti àwọn tí ń rì í mọ́lẹ̀. Orí ìwé yẹn sì ni ẹ̀dínwó náà gbé ara lé. Bí ìjọba bá pa ìwé tirẹ̀ dé, tí owó sì ń lọ síbẹ̀, ohun tí yóò kù láàárín àpò ìlú àti ẹni tí ń béèrè ni orúkọ ẹnì kan ní ìsàlẹ̀ ìwé ìbúra. A rò pé kò dára kí ìjọba ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹrù tí ó yẹ kí ọ̀pọ̀ ojú jọ máa wò ni wọn yóò gbé lé ẹ̀rí ọkàn ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tí oníbàárà rẹ̀ ń dúró dè ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹni náà lè jẹ́ ọmọ wa. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ sínú ìwé yìí tí a kò kọ ọ́ sí ibòmíràn. A kì í kọ́ ènìyàn láti kọ òótọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó bá ti di ẹni ogójì ọdún tí ó sì ń gbé ní Houston. Tábìlì yàrá àyẹ̀wò kẹ́mísírì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo olùkọ́ kẹ́mísírì ni ó mọ ọmọ tí ó ka ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì fi orí ro èkejì àti ẹ̀kẹta kí wọ́n lè bá ara wọn mu, nítorí èyí tí ó bá ara mu ni ó ń gba máàkì. Ọmọ náà ti kọ́ pé ìwé lè dára ju iṣẹ́ lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní gbangba: ẹni tí ó san owó kí ọmọ rẹ̀ lọ ṣe ìdánwò ní ibi tí wọ́n ń pè ní mírákù sẹ́ńtà ti fún ọmọ náà ní ìwé ẹ̀rí lórí ohun tí kò sí nínú orí rẹ̀. Kí ni yóò wá sọ fún un lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá ní kí ó fọwọ́ sí tọ́ọ̀nù tí kò sí nínú ilẹ̀?

A gbọ́ pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ń kó owó jọ fún yàrá àyẹ̀wò tuntun, a sì ti fi tiwa sí i. Ẹ̀bẹ̀ wa sí ìgbìmọ̀ náà kò pọ̀. Kí wọ́n ra ìwé àyẹ̀wò tí a fi nọ́ńbà sí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí a kò lè fa ewé kan ya nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó hàn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì máa fi báírò kọ ohun tí ó bá rí sínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ó rí i. Kí olùkọ́ máa fún ọmọ ní máàkì bí ó bá kọ èsì tí kò bá ara mu tí ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ra ìwọ̀n tuntun, kí wọ́n lẹ páálí kékeré kan mọ́ ara rẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n dán an wò síbẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó dán an wò.